Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Mo Kàn Fún Màmá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ohun tí ojú mi rí nínú yàrá màmá mi ní Òmù-Àrán. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o!

Nígbà tí owó epo ń ṣàn nílùú, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ọdún Àjíǹde ni mò ń wálé tẹrù tẹrù. Orúnkún ń dun màmá mi, síbẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí aṣọ wọn wà. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á máa kérora. Mo ní rárá, ìyà yìí tó gẹ́ẹ́!

Mo ra páákó àti puláíwúùdù, mo fi ọwọ́ ara mi kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri. Yàrá náà há. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí síta, bẹ́ẹ̀dì ló máa gbá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ilẹ̀kùn méjì tó ń fà lọ fà bọ̀ lórí irin. Mo kọ́ màmá bí wọ́n á ṣe máa fi àbẹ́là pa irin náà kó lè máa yọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí! Wọ́n ní irú ilẹ̀kùn wo ni kì í ṣí, tó kàn ń rìn lọ bí ẹni tó ń bínú?

Kò pẹ́ sí i ni nǹkan dojú rú. Ilé iṣẹ́ dá wa dúró. Ṣé ẹ mọ àwa ará Èkó: ta ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì ìlú rẹ̀ lọ́wọ́ òfo? Mo ní kí nǹkan rọ̀ díẹ̀ ná. Àjíǹde kan kọjá, òmíràn kọjá. Màmá á ránṣẹ́ pé ilẹ̀kùn náà ṣì ń yọ̀ dáadáa. Ìyẹn ló ń tù mí nínú, pé mo ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìkúnlẹ̀.

Ìgbà tí mo padà wá délé, òkú wọn ni mo bá. Yéè, màmá mi!

Àbúrò wọn, Màmá Rore, ní kí n mú aṣọ òfì tí a ó wọ̀ fún wọn wá. Mo lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù, mo fa ilẹ̀kùn. Ó yọ̀ wọ̀ọ̀! Àbẹ́là tuntun wà lójú irin. Kí ni mo rí nínú rẹ̀? Aṣọ mi! Kákí ilé ìwé mi, àwọn ṣòkòtò tí mo fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi káńfọ̀ sí láàárín. Bùbá àti ṣòkòtò tuntun kan wà lókè wọn. Gèlè màmá kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

Màmá Rore bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ni àpótí wà, ọmọ mi. Mo bá wọn jà títí. Wọ́n ní tìrẹ ni kọ́bọ́ọ̀dù, pé bí o bá dé, wàá rí ibi kó aṣọ sí."

Ni mo bá kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n ti máa ń kúnlẹ̀, mo fa àpótí náà jáde. Ó wúwo o!

Aṣọ tuntun yẹn ni mo wọ̀ sin wọ́n. Ó tóbi jù mí lọ, ṣòkòtò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nídìí mi. Ara tí mo ní nígbà owó epo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jìnnà sílé, ẹ máa lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹrù kọ́ ni wọ́n ń retí. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ sọ fún mi. Ṣùgbọ́n bí ìyá yín bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ wò wọ́n ná, kí ẹ tó wá fèsì.