Kọ́bọ́ọ̀dù Sàlàkọ́ Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Bí o bá ń wá ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn ní ọjà pákó Bódìjà, má wulẹ̀ wá a jìnnà, Sàlàkọ́ káfíńtà ni. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, ó sì gbà pé kò sí irú òun mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi rò ó lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí Ọ̀gá Akínbíyì, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kó wá ṣe ibi ìkẹ́rùsí sínú ọkọ̀ ojú omi tó wà nínú ọgbà òun. Baba náà fẹ́ gba ojú omi láti Èpé dé Lọ́kọ́jà, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì fẹ́ kó dání.

"Màá dán an wò kí n tó gbéra," ni Akínbíyì wí. "Bí kò bá dára, àwọn káfíńtà Èpé á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Sàlàkọ́ wọra. Kí ará Èpé wá tú iṣẹ́ òun? Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù tó ga kan òrùlé ọkọ̀, ó kùn ún títí ó fi ń dán, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì di àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ mú. Ó to iṣu sókè pátápátá kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i, ó gbé gààrí àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa sáàárín, ó ká aṣọ òjò ọ̀gá sísàlẹ̀.

Títì Àgbówó ni wọ́n fi ṣe odò. Wọ́n so kẹ̀kẹ́ tó gbé ọkọ̀ náà mọ́ ìdí jíìpù, Sàlàkọ́ sì jókòó sínú ọkọ̀ bí olóyè. Kòtò kìíní, ilẹ̀kùn ṣí. Kòtò kejì, iṣu mẹ́ta já lù ú lẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, epo ti dà sórí aṣọ òjò, gààrí ti kún irun Sàlàkọ́. Akínbíyì kò bínú. Ó kàn rán an létí pé ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí òun gbéra.

Nílé, Àmúdàtù ìyàwó Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Islamiyat, ní Ṣakí, bí a bá ń di ẹrù oko sínú agbọ̀n, ohun tó wúwo la kọ́kọ́ ń kó sísàlẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé adìẹ wa tí ẹ̀ ń wò yẹn ńkọ́, ọjọ́ wo ló dédé ṣí rí?"

Igi pẹlẹbẹ kan lásán ló wà lára ilé adìẹ náà, tí ìṣó kan dì mú, tí wọ́n ń yí dí ilẹ̀kùn. Ojú ń ti Sàlàkọ́ láti fi irú rẹ̀ sára ọkọ̀ olówó. Àmọ́ ẹni tí iṣu já lù kì í ṣe fáàrí. Ó tú kọ́bọ́ọ̀dù gíga, ó kan àpótí sábẹ́ ìjókòó, ó lu ihò sí i kí iṣu lè mí. Ó gbé ohun tó wúwo sísàlẹ̀, ó ki aṣọ sáàárín wọn, ó sì fi igi ilé adìẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n tún gba Àgbówó. Ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ wa jíìpù sínú gbogbo kòtò. Kò sí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nígbà tí wọ́n dúró, Akínbíyì yẹ àpótí kọ̀ọ̀kan wò, ó yí igi kan síwá sẹ́yìn, ó sì pe káfíńtà Èpé lórí fóònù.

"Ẹ má wulẹ̀ dúró dè mí mọ́," ó wí. "Mo ti rí káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ní Ìbàdàn."

Inú Sàlàkọ́ dùn dé gongo. Òun tí kò tíì wọ odò tó kọjá orúnkún rí, ó na ọrùn síbi fóònù.

"Ẹ bá mi kí wọn, sà. Ẹ ní bí iṣẹ́ bá le jù fún wọn níbẹ̀, kí wọ́n pè mí."