Kókó Inú Ìkọ́kọrẹ́

Ẹnu ọmọkùnrin mi yìí mọ kókó ju asẹ́ lọ. Màá po ògì, màá sẹ́ ẹ, màá tún un sẹ́, bí kókó kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ bá ṣì fara pamọ́ sínú ẹ̀kọ náà, òun ni yóò kọ́kọ́ bá a pàdé. Á dákẹ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, èébì á gbé e, gbogbo èyí tó ti mu tẹ́lẹ̀ á sì padà sí àyà mi. Ó ti lé lọ́dún kan ààbọ̀ nígbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fa ẹran ya. Tèmi kò lè jẹ ẹ̀wà.

Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ná kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ títọ́ kì í sábà sọ ọ́. Ó rẹ̀ mí débi pé bí mo bá gbọ́ ariwo bílẹ́ńdà ní ilé ẹlòmíràn, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ìrẹsì, màá lọ̀ ọ́. Iṣu, màá lọ̀ ọ́. Ẹja, màá yọ eegun rẹ̀, màá lọ̀ ọ́ mọ́ iṣu. Bí iná bá lọ, màá fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ asẹ́ títí ọwọ́ mi á fi kú.

A bí i kí oṣù rẹ̀ tó pé. Rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ nímú ní ilé ìwòsàn ni wọ́n fi ń fún un ní wàrà kó tó lè fa ọmú. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa bẹ̀rù ohun tó bá kan ọ̀fun wọn. Mo gbọ́. Gbígbọ́ kò ní kó máà rẹ ènìyàn.

Ilé ìyá ọkọ mi ni a ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Àlájà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá ọkọ mi, ó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ tó wà níwájú ilé. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ tí a fi ń bọ́ ọmọ tó bá ń ṣe agídí: kí á tẹ́ ẹ sórí itan, kí á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sí i lẹ́nu, kí á da ẹ̀kọ sí i, kí á fún un nímú títí á fi gbé e mì. Rírọ nìyẹn. Gbogbo ọmọ tó bí ló rọ.

“Mo rọ bàbá ẹ̀, kò kú,” ló máa ń wí. “Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ń bẹ̀rù ọmọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màámi,” ni èmi náà máa ń wí. “Ẹ má rọ ọ́.”

Ó rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo lọ wẹ̀. Igbe ọmọ náà ni mo gbọ́ tí mo fi sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí àwo, á fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi fi gbé mi lọ́kàn. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan lọ́nà Ìjagun, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí mo gbà torí ọmọ náà sì ti fẹ́ẹ̀ tán. Ìyáàfin tó ni jẹ́lé-ó-sinmi náà kò fi bọpo bọyọ̀: “Àǹtí, a kì í lọ oúnjẹ fún ọmọ níbí o. Ọmọ tó bá lè fọwọ́ mú nǹkan jẹ la ń gbà.” Bí kò bá gbà á, ọwọ́ Àlájà ni ọmọ mi yóò máa wà láti àárọ̀ di ọ̀sán, mo sì ti mọ ohun tí àtẹ́lẹwọ́ Àlájà yóò máa ṣe.

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa gbé oúnjẹ rírọ̀ síwájú rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí a sè, kúkúńdùnkún, kí n jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, kó tẹ̀ ẹ́, kó fi ṣeré. Bí èébì bá gbé e, kí n jókòó tì í, kí n máa wò ó, kí n má sáré ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo ṣe é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé ara ògiri, kúkúńdùnkún dé inú irun mi. Kò sí èyí tó dé ẹnu.

Nígbà tí mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì, ó bi mí pé, “Ta ló ń bá a jẹun?”

“Èmi ni mò ń fún un, mà.”

“Mi ò bi yín ta ló ń fún un. Mo ní ta ló ń bá a jẹ?”

Inú bí mi. Ta ló fẹ́ bá ọmọ mu ògì? Nílé wa, ọmọ la kọ́kọ́ ń bọ́ kí àgbà tó jẹun. Inú yàrá ni mo tilẹ̀ ti ń bọ́ tèmi, màá sì ti ilẹ̀kùn, torí àwọn oníbàárà Àlájà. “Hàà, ọmọ ńlá yìí ló ṣì ń mu ẹ̀kọ?” Mi ò lè máa dáhùn ìyẹn lójoojúmọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo pọn ọmọ mi, mo lọ.

Àárẹ̀ yìí náà ló mú mi ṣe ohun tí ọmọ Ìjẹ̀bú kankan kò gbọ́dọ̀ ṣe. Mo da ìkọ́kọrẹ́ sínú bílẹ́ńdà. Ẹni tó bá mọ ewùrà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ó ń fà bí gọ́ọ̀mù, ó lẹ̀ mọ́ abẹ bílẹ́ńdà, ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu ọmọ mi, ọmọ bì títí oorun fi gbé e lọ. Àlájà wo inú bílẹ́ńdà, ó wo ojú mi.

“O lọ ìkọ́kọrẹ́! Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin mà ni ẹ́ o!”

Òun rèé tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọrógùn kan ìkòkò títí kókó ewùrà inú rẹ̀ á fi dì, torí kókó ni iyì ìkọ́kọrẹ́. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò lókun ẹ̀rín.

Ní Sátidé kan tí ọjọ́ tí màá wọṣẹ́ padà kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ọkọ mi kò sì lè wálé, Àlájà se ìkọ́kọrẹ́ de àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó sì wọlé lọ kírun. Ọmọ náà kò tíì jẹ nǹkan gidi láti àárọ̀. Mo wọ ilé ìdáná láti fọ asẹ́, n kò fọ̀ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣí ìkòkò àlejò, mo bù sínú ọmọrí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ jẹ. Èmi, olùkọ́, ìyàwó ilé. Mi ò ro ti ọmọ rárá. Ebi ń pa mí, inú sì ń bí mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti dúró tì mí. Kì í ṣe oúnjẹ ló ń wò, ẹnu mi ni. Bí mo ṣe ń jẹ, àgbọ̀n tirẹ̀ náà ń mì. Mo tún bù, mo jẹ. Kì í ṣe ọgbọ́n o, mi ò lókun tí màá fi sọ pé “jẹ” ni. Ó na ọwọ́, ó mú kókó kan, epo ṣàn dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó lá a. Ó fi sẹ́nu.

Èébì gbé e. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Gbogbo ara mi fẹ́ dìde, mo di ìṣẹ́tí aṣọ mi mú, mo ń wò ó, ó ń wò mí, mo sì ń jẹ tèmi lọ. Ó tu kókó náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún dá a padà sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó gbé e mì. Ó wá ya ẹnu gbàgà sí mi kí n rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́.

Mo bú sẹ́kún. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ju búrẹ́dì sínú garawa omi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì kọ́ ni mò ń sọ.

Báyìí ni Àlájà ṣe bá wa, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀: ìkòkò àlejò ní ṣíṣí, epo lára ọmọ, omijé lójú ìyá. Ó la ẹnu láti pariwo. Ọmọ náà mú kókó mìíràn, ó nà án sí i.

Àlájà fi tẹ̀sùbáà kọ́ ọrùn. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, orí àga ló ti ń kírun. Ó di ògiri mú, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gba kókó náà, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ náà lè rí eyín rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

“Wò ó, ọma mi,” ló wí. “Báyìí la ṣe ń jẹ ẹ́.”

Lẹ́yìn náà ó bá mi sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi. “Mi ò ní rọ ọ́ mọ́.”

Àwọn àlejò kan ilẹ̀kùn. Orúnkún Àlájà kò gbà á, èmi náà kò lókun. Ọmọ náà nìkan ni ara rẹ̀ le tó láti dìde, ṣùgbọ́n oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀, kò lè dá wọn lóhùn.