Bí Òṣùpá Ṣe Ń Dáhùn

Kí rọpárọsẹ̀ tó dá bàbá mi wó, olùkọ́ físíìsì ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn tó ti àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rédà ránṣẹ́ sí òṣùpá lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì.

Bàbá mi á ní, "Wọ́n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì dúró de ìdáhùn, ìyẹn ìró tó máa ta padà láti ara òṣùpá. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì àbọ̀! Ká ní wọn ò dákẹ́ ni, ariwo tiwọn ni ì bá bò ó mọ́lẹ̀."

Ìtàn yẹn máa ń sú mi.

Nígbà tí mo ń sọ yìí, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀ wa ní Becontree nílùú Ọba, níbi tí wọ́n ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin ọsibítù tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò fún ìgbà ìkẹyìn. Bí wọn ò bá dáhùn, kò ní wá mọ́. Ilé àwọn arúgbó ló kàn. Ẹ̀rù bà mí.

Mo ké sí àwọn ará ìjọ Aládúrà wa. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká. Nígbà tí obìnrin náà dé, ó bọ́ tirẹ̀ náà. Bó bá ti béèrè ọ̀rọ̀ kan, àwa náà á pariwo sí Dádì.

"Dádì, answer her now! Ẹ dáhùn lórúkọ Jésù!"

"Ẹ ṣe àmín, sà! Just one àmín!"

Èmi ni mo pariwo jù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe láràárọ̀, torí lọ́dọ̀ tiwa, àdúrà tó bá dákẹ́ ti tutù nìyẹn.

Obìnrin náà pa fáìlì rẹ̀ dé. "I'm so sorry," ló wí, ó sì lọ wọ bàtà. Ibẹ̀ ni ìtàn òṣùpá ti sọ sí mi lọ́kàn.

Mo bẹ gbogbo wọn kí wọ́n dákẹ́. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Dádì." Mo sì pa ẹnu mi dé.

Mo ka méjì. Mo ka mẹ́ta. Kò sí nǹkan kan. Ìyá ìjọ kan fẹ́ lanu, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí mo ka dé mẹ́sàn-án, ètè bàbá mi mì, wọ́n sì fi ohùn tó ti há pe oríkì mi, bí wọ́n ṣe máa ń dá ìkíni mi lóhùn láti kékeré.

Obìnrin náà tún bàtà rẹ̀ bọ́. Inú gbogbo ilé dùn, àmọ́ ẹkún ni mò ń sun ní tèmi. Láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń kí wọn, mi ò sì fìgbà kan dákẹ́ gbọ́ bóyá wọ́n dáhùn.