Àwáwù àti Ooru Iná Gàrí

Ọdún mọ́kànlélógún ni Àwáwù fi yan gàrí ní Ìgànná. Gàrí rẹ̀ kì í jóná, kì í sì í di kókó, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi ń ro ó nínú agbada kì í dúró.

Lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní kó máa lo hóró oògùn kan láràárọ̀. Àwáwù lò ó fún oṣù méje. Orí tó ń fọ́ ọ tẹ́lẹ̀ kò fọ́ ọ mọ́.

Ìgbà yẹn ni Ọnọ́rébù Sàlàkọ́ wá tọrọ ìbò ní ìdí àrò Àwáwù àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó bu gàrí gbígbóná sẹ́nu.

"Ẹ rọra o!" ni Àdìjátù, tí àrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àwáwù, pariwo. "Ìbò lẹ ní ẹ wá gbà, ẹ ò sọ pé gàrí ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọnọ́rébù gba gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ta ló sọ pé ẹ̀yin lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Àìsàn àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì nìyẹn. Ooru iná yìí ti yọ́ gbogbo ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ da hóró òyìnbó nù!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Waheedat ọmọ Àwáwù rí i pé ìyá òun kò fọwọ́ kan oògùn.

"Ìyá mi, ẹ ò tíì lo oògùn yín."

"Iná ni mo ń lò báyìí. Ṣé ìwọ tó o ṣì ń kàwé lo máa mọ̀ ju ẹni tó ń ṣòfin lọ?"

"Fi ìyá ẹ sílẹ̀ jàre, dókítà tí ò tíì gboyè," ni Àdìjátù wí.

Waheedat bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò tíì dárí ẹ̀rín yẹn ji ara rẹ̀.

Àwáwù kì í ṣe òmùgọ̀. Ó rò ó dáadáa: ní gbogbo oṣù méje tí ara rẹ̀ fi dá, ìdí iná ló wà. Ó wá gbé oyè oògùn fún iná. Kí ooru lè tó o, bó bá rẹ ẹlòmíràn, òun ló ń bá a yan tirẹ̀. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pé oṣù méjì tí igbá tó fi ń ro gàrí fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwáwù, gàrí ẹ ń jó o!" ni Àdìjátù pariwo.

Ó ń wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lọ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọnọ́rébù wọlé ìbò. Kò padà wá gba gbohùngbohùn láti sọ pé òun ṣìnà. Waheedat ń fún ìyá rẹ̀ ní oògùn láràárọ̀ báyìí, ìyá náà sì ń gbé e mì. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, ọwọ́ òsì ni Àwáwù ń nà sí ìdí àrò títí wọn yóò fi gbé e lọ síbẹ̀. Yóò fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún, yóò sì tẹ́ ẹ síwájú iná, yóò máa retí kí iná wò ó sàn.