Oòrùn Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Ṣòfò

Ẹni tí kò bá tíì lo oṣù kẹta ní Lọ́kọ́ja kò tíì mọ oòrùn. Nígbà tí mo gbé sólà sórí ilé wa ní Lokongoma ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí aago mọ́kànlá àárọ̀ tó lù, bátìrì ti máa ń kún, iná tó ṣẹ́kù kò sì ríbi lọ. Ahun ni mí, mi ò ní purọ́. Ó ń dùn mí wọ eegun pé oòrùn ọ̀fẹ́ ń ràn sórí òrùlé mi lásán.

Ni mo bá ra àlòkù ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wa bítíkọìn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Adankolo. Ó ní kí n ṣáà ti fún ẹ̀rọ náà ní iná àti íńtánẹ́ẹ̀tì, owó orí ayélujára yóò máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun tí kò sọ ni ariwo. Fáànù inú rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Inú yàrá ẹrù ni mo gbé e sí, nítorí ibẹ̀ ni wáyà sólà gbà wọlé. Ìyàwó mi ní ariwo náà yóò sọ òun di wèrè. Mo kọtí ikún sí i. Mo ní, “Ariwo owó ni, fara dà á.”

Fèrèsé yàrá yẹn kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá mi máa ń jókòó sí. Ojú wọn ti fọ́ kí n tó mú wọn wá láti abúlé wa ní Ìjùmú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn nìkan ló ní ibòòji lọ́sàn-án, ọgbà wa kò sì ga, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń kí wọn. Tíṣà obìnrin kan, aládùúgbò wa, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, a kí wọn bí a ṣe ń kíni ní Ìjùmú: “Òkun o, Bàbá!” Wọn a dáhùn, wọn a sì béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Obìnrin Núpé tó ń ta ẹja a kí wọn lédè Haúsá, “Sannu, Baba,” wọn a ní, “Yauwa, sannu.” Ohùn àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni gbogbo ayé tó kù fún wọn.

Ẹ̀rọ mi kì í ṣiṣẹ́ lálẹ́. Ìgbà tí oòrùn bá mú ló ń bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń dákẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti dá lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti ọ́fíìsì dé, mo bá bàbá mi tí wọ́n fajú ro.

“Kí ni mo ṣe fún àwọn ará àdúgbò yín?”

“Báwo, Bàbá?”

“Wọn ò kí mi mọ́. Bí mo bá sì kí wọn, wọn ò ní jẹ́ mi.”

Fóònù ni mò ń wò, bóyá bítíkọìn mi ti lé díẹ̀. Mo ní, “Ará ìgboro ni wọ́n, Bàbá. Gbogbo wọn ló ń kánjú.”

Wọn ò tún béèrè mọ́. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń ṣẹ́kù nínú àwo wọn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo fojú ara mi rí i láti fèrèsé pálọ̀. Tíṣà náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Bàbá mi kọjú sí i gan-an, wọn ò fèsì. Ó tún kí wọn. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ yí padà, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń lọ. Ìgbà náà ni bàbá mi gbórí sókè tí wọ́n ń ké “Òkun o!” sí ojú ọ̀nà tó ti ṣófo.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé ariwo ẹ̀rọ mi ló ń bo ohùn àwọn tó ń kí wọn mọ́lẹ̀. Ó yé mi, mi ò sì pa ẹ̀rọ náà, nítorí oòrùn ọjọ́ náà dára. Mo ní màá ra wáyà gígùn, màá gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Fònídónìí, fọ̀ladọ́la, oṣù méjì kọjá. Bàbá mi ò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́, wọ́n kàn ń dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Dókítà ní ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n kú kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

Àwọn aládùúgbò wá bá wa kẹ́dùn. Mo ti pa ẹ̀rọ náà nítorí àlejò. Tíṣà náà ń sunkún.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe fún Bàbá? Mo kí wọn títí, wọn ò dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé wọn ò ríran, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ràn. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni, ni mo bá ń gba ọ̀nà mìíràn.”

Ìyàwó mi gbójú sókè, ó ń wò mí.

“Etí wọn ló ti di,” ni mo wí. “Ogbó ni.”

Tíṣà náà mí kanlẹ̀, ó ní ọkàn òun ti balẹ̀ wàyí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí títí mi ò lè wo ìyàwó mi. Bàbá mi gbọ́ràn títí wọ́n fi kú, èmi ọmọ wọn ni mo purọ́ mọ́ wọn.