Kọ̀ǹpútà Tí Mo Fi Ìró Bò

Láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé ní Okota ti jóná, tí mo sì fi bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo jáde nínú èéfín, n kì í jókòó síbi tí n kò ti rí ẹnu ọ̀nà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn ni tèmi. Bí mo bá lọ kí àwọn àna mi, mo máa ń béèrè ibi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sí kí n tó béèrè àlàáfíà ara wọn. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé kí n yéé bẹ̀rù, pé Ọlọ́run ti kó mi yọ. Mo máa ń ṣe àmín. Àmọ́ mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò tíì gbọ́ òórùn irun orí ara wọn nígbà tó ń jó rí.

Mo gbìyànjú láti gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ wo yàrá, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo sì ti ẹnu ọ̀nà padà nígbà tí mo gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí mo wá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù orí fóònù ní gbọ̀ngàn kan ní Ìsọlọ̀, pé kì í ṣe ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà, mo fi orúkọ sílẹ̀. Iṣẹ́ téèyàn lè ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ara rẹ̀ ni. Ìlànà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí kálukú lọ ṣètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, kí ó ti orí kọ̀ǹpútà náà ṣí áàpù kékeré kan sórí fóònù lójú olùkọ́, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ṣí, kó máa lọ sílé, nítorí àwọn mìíràn ń dúró de ààyè rẹ̀. N kò mọ ibòmíràn tí mo tún lè lọ.

Olùkọ́ wa jẹ́ ọkùnrin kan tó gé irùngbọ̀n rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ Ajé tó ń ṣàlàyé ètò náà, ó sọ pé "ó rọrùn" nígbà mọ́kànlá. Mo kà á.

"Mọ́mì, ẹ kàn máa tẹ 'next'. 'Next', 'next', 'next'. Ó parí."

"Ọ̀gá, tó bá wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

"Ẹ má kà á. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́."

Mo rò ó lọ́kàn mi pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èèyàn báyìí ló so wáyà ṣọ́ọ̀bù mi.

Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà tèmi. Bátìrì rẹ̀ ti kú kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà, ìṣẹ́jú tí èèyàn bá yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri ló máa ń kú. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ní ká gbà wálé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì: ibi téèyàn ti máa ń kọ áàpù, àwọn irinṣẹ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́, àti fóònù kan tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, kọ̀ǹpútà tún fẹ́ lóyún òmíràn. Méjì àkọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ìkẹta, èyí tó jẹ́ fóònù, ló tóbi jù. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó fi máa di ọ̀sán, ó ti gba ìdajì. Ìgbà náà ni ojú ọ̀run ṣú ní Ailegun tí mò ń gbé, tí àrá sì sán.

Ní ilé ìyá mi ní Ìwó, bí òjò bá ti ṣú, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe ni ká fi aṣọ bo dígí. Ká kó abọ́ tó bá ń dán kúrò nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí rẹ̀. Mọ̀nàmọ́ná fẹ́ràn ohun tó bá jọ ọ́, ó parí. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà mi, ó ń dán ju gbogbo dígí tí a ní ní Ìwó lọ. Bí mo bá yọ wáyà rẹ̀, á kú, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò yọ ọ́. Mo mú ìró mi tó nípọn jù, mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì, mo sì fi bò ó láti òkè délẹ̀. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi.

Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi yọjú wọlé.

"Kí lo bò sílẹ̀ bí òkú báyìí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Ìyá. Òjò ló ń bọ̀."

"O ṣeun. Ó hàn pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Èmi náà ti bo tẹlifíṣọ̀n." Ó tún un wò. "Ìró kan kò tó o. Mọ̀nàmọ́ná òde òní lágbára."

Ó lọ mú ìborùn rẹ̀ wá, ó fi ká a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń wé ọmọ tuntun. Àwa méjèèjì jókòó tì í, à ń gbọ́ òjò.

Kò pẹ́ tí òórùn kan fi kàn mí nímú. Òórùn ike tó ń gbóná ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo tún máa mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà ní àárín òpópónà, òjò ń rọ̀ sí mi lára, báàgì mi wà lápá, mo sì ń pariwo, "Iná! Iná!" Àwọn ará ilé yọrí jáde. Ìyá àgbà ló kẹ́yìn, ó ń rọra bọ̀, ìborùn rẹ̀ ti padà sórí rẹ̀.

"Iná wo? Ó kàn gbóná ni. Ó ti pa ara rẹ̀."

"Àǹtí," ni ọkùnrin tó ń gbé yàrá iwájú sọ láti ojú fèrèsé, "ṣé ẹ̀ ń se kọ̀ǹpútà jẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo dúró sínú òjò títí tó fi dá mi lójú pé kò sí èéfín, kí n tó wọlé padà. Mo pe olùkọ́ lórí fóònù. Òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

"Mọ́mì, ẹ fi aṣọ bò ó? Ṣé òtútù ń mú un ni? Ó ń mí o! Ẹ ti dí i nímú." Ó wá ní, "Ẹ tiẹ̀ fi fóònù inú kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín kò lè gbé e. Fóònù ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi wáyà so mọ́ ọn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ti sọ ọ́ láti ọjọ́ Ajé?"

"Ẹ ò béèrè, Mọ́mì."

Ó ní kí n lọ sínú ètò fóònù mi, kí n wá ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà kan sí, kí n fi ìka tẹ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀meje.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀meje. Kó má lé, kó má dín."

Ìyá àgbà, tó ti gbé etí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, sún mọ́ mi. "Ẹ̀ẹ̀meje? Ṣé kò ní kí o bọ́ bàtà ni? Ṣé kò ní kí o kọjú sí ìlà-oòrùn?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀keje, fóònù náà kọ ọ́ síta pé mo ti di ẹni tó ń ṣe áàpù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀. Èyí, ìka kan ló gbà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kọ̀ǹpútà tutù, ó sì jí. Mo so fóònù mọ́ ọn. Fóònù béèrè bóyá kí òun gba kọ̀ǹpútà yìí láyè, àti bóyá kí òun máa gbà á láyè títí lọ. Títí lọ! Ọkọ mi pàápàá, n kò ṣèlérí irú rẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbà fún un. Mo kọ ìlà mélòó kan bí wọ́n ṣe fi hàn wá, mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró, orúkọ mi sì jáde lójú fóònù, dúdú lórí funfun. Mo sáré gbé e lọ fún Ìyá àgbà.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyí, Ìyá."

"Orúkọ rẹ tí gbogbo wa ti mọ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dé gbọ̀ngàn náà kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Àwa bí ogún la wà níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ki ẹsitẹ́ńṣọ̀n bọ̀ ọ́, wọ́n ki òmíràn bọ ìyẹn, wọ́n tún ki òmíràn bọ èyí tó kẹ́yìn, ṣájà gbogbo kíláàsì sì wà lórí wọn. Bí tiwa ní Okota ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ tó jó. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ síwájú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ níbẹ̀. Ó ti pọ̀ jù."

"Mọ́mì, ọdún kejì rèé tí a ti ń lò ó báyìí."

"Tiwa lo ọdún mẹ́fà kó tó jó."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó wo ìwé orúkọ ọwọ́ rẹ̀. "Bẹ́ ẹ ò bá so tiyín mọ́ ọn, báwo ni mo ṣe fẹ́ rí áàpù yín? Àwọn èèyàn ń dúró o."

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo jáde. Omijé lé ròrò sójú mi, àmọ́ mo jáde. Lẹ́nu géètì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ń lò fún rédíò rẹ̀. Mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́, ó yọ rédíò. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀, mo so wáyà, mo tẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi jáde. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́: "Ọ̀gá, tèmi ti ṣí. Ẹnu géètì ni mo wà."

Ó dáhùn pé kí n gbé e wọlé. Mo kọ ọ́ padà pé bí mo bá yọ ọ́, á kú, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ wá wò ó. Lẹ́yìn náà, n kò rí èsì kankan mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ojú fóònù bá fẹ́ ṣókùnkùn, mo máa ń fi ìka kàn án, kó má bàa sùn. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ nílé nígbà tó yọ sí mi, ìwé orúkọ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le. Ó gba fóònù. Ó pa áàpù náà, ó tún un ṣí, ó tún un pa.

"Ó ṣiṣẹ́," ni ó sọ, bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀. Ó fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Bẹ́ ẹ bá dé inú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan àwọn wáyà yẹn wò."

Ó pòṣé. Láti ibi tí mo wà, mo rí i gba ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tó ṣí sílẹ̀, bó ṣe wọlé tó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi àwọn wáyà náà. Ó fọwọ́ kan ẹsitẹ́ńṣọ̀n àkọ́kọ́, ó sì já ọwọ́ rẹ̀ gbà kíá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnikẹ́ni rí i. Lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́, ó ní kí gbogbo kíláàsì jáde sinmi díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣájà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ̀wé sí gúrúùpù wa lórí fóònù. Ó ní nítorí pé ààbò wa jẹ ẹ́ lógún láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, èèyàn mẹ́rin péré ni yóò máa lo ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n yìn ín. Wọ́n gbàdúrà fún un. Ẹnì kan ní irú olùkọ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, mo wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọ̀gá, ibo ni ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń paná sí?"

Gbogbo wọn ti kà á. Kò tíì sẹ́ni tó dáhùn.