Bàtà Tí Mọ́mì Wọ̀ Jókòó

Òórùn ọ̀dà àti kọfí ló gba inú yàrá kan. Mọ́mì jókòó lórí àga, wọ́n wé gèlè, wọ́n wọ bùbá léèsì, wọn ò mira. Bàbá ará Ìtálì tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹjú mọ́ wọn. Mò ń gbọ́ bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń ha aṣọ tí Bàbá nà mọ́ igi.

Àwọn èèyàn máa ń fi Bàbá yìí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ẹ̀sítéètì wa, torí ohun tójú wọn bá rí gan-an ni wọ́n ń yà: abọ́ tí wọn ò tíì fọ̀, àtẹ̀gùn tó ti sán. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Wọ́n gbọ́ tí mò ń pe màmá mi ní Mummy, làwọn náà bá ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe dàgbà tó.

Ìyá Àgbà ní Ìwó ni Mọ́mì fẹ́ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí. Mọ́mì ti sọ fún wọn pé ọ́fíìsì làwọn ti ń ṣiṣẹ́. Irọ́ kọ́, àwọn ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ní ìdájí. Mọ́mì rò pé bíi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni, pé orí àti àyà nìkan ni Bàbá máa yà. Òkè nìkan ni wọ́n wá múra sí. Ṣòkòtò iṣẹ́ àti bàtà ìgbálẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, Bàbá sì yà á látòkè délẹ̀.

Òótọ́ korò. Mọ́mì ní kí Bàbá fi ìró bo ìsàlẹ̀ yẹn kíákíá.

Bàbá rọra nu búrọ́ọ̀ṣì. "Mummy, tí mo bá bo ẹsẹ̀, kí ló máa wá gbé gèlè yẹn dúró?"

Mọ́mì bínú gbé àwòrán lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ò yé béèrè rẹ̀, ni Mọ́mì bá fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Nígbà tí Ìyá Àgbà pè, wọ́n kọ́kọ́ yin gèlè.

"Ẹsẹ̀ ẹ wú," ni wọ́n wí. "Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?"

Mọ́mì sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Ìyá Àgbà ṣàdúrà fún ẹsẹ̀ náà, ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún Bàbá nísàlẹ̀.

Bàbá ti kú báyìí, àárò wọn ń sọ mí. Mọ́mì ti padà sí Ìwó. Tí mo bá pè wọ́n lórí fídíò, ojú wọn nìkan ló máa ń kún fóònù, wọ́n á ní, "Alhamdulillahi, ara mi le."

Màá ní, "Mọ́mì, ẹ gbé fóònù yẹn wálẹ̀. Ẹ jẹ́ n rí ẹsẹ̀ yín."